Ọ́tò-kílíkà: Ẹ Má Yá Ẹ̀rọ ní Ìka Yín

Ẹni tó bá gba Ajégúnlẹ̀ kọjá láàárín ọdún 2024 á rántí. Láti Boundary títí dé Tolu, láti Mobil Road dé Amùkòkò, àtàǹpàkò ò sinmi. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ń tẹ fóònù, onímárúwá ń tẹ tiẹ̀ níbi tó ti ń dúró de èrò, ìyá tó ń ta gààrí gbé tiẹ̀ sórí itan, ó ń tẹ̀. Eku kan tí wọ́n ń pè ní Hamster Kombat ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lórí Telegram. Ohun tó sún wọn débẹ̀ ò ṣòroó mọ̀: nínú oṣù karùn-ún ọdún náà ni Notcoin, èyí tí àwọn kan ti ń tẹ̀ láti oṣù kìíní, di owó tí wọ́n ń tà lọ́jà kírípítò, tí ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ sí i rí nǹkan mú relé. Ta ni yóò wá fẹ́ kí ti eku yìí fo òun dá?

Àmọ́ àtàǹpàkò èèyàn kì í ṣe irin. Kò pẹ́ tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ni wọ́n bá ń wá ohun tí yóò máa bá wọn tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá sùn. Ọ́tò-kílíkà ni wọ́n ń pè é. Ètò kékeré kan ni, tí èèyàn á gbé sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí yóò máa tẹ ibi tí wọ́n bá ní kó tẹ̀, láìsinmi. Òmíràn tún gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: á máa ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà, tí fèrèsé kékeré kan bá ti yọ lójijì láti béèrè "OK" tàbí "Yes", á sáré tẹ̀ ẹ́ kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tó ṣẹ́jú. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ àti ẹ̀yin tí wáàfù Àpápá ń bọ́. Ohun tó bá ń bá yín tẹ bọ́tìnnì, òun ló ń bá yín fọwọ́ síwèé, kò sì ní sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún yín.

Ẹ jẹ́ ká parí ti eku náà ná. Ní oṣù keje ọdún 2024, ESET, ilé iṣẹ́ kan ní Slovakia tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, tú àṣírí àwọn kan. Àwọn wọ̀nyí kó ọ́tò-kílíkà Hamster Kombat sórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà máa ń pàtẹ iṣẹ́ wọn sí, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, kí aráyé wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà Windows wọn. Lumma Stealer ni wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀. Olè paraku ni Lumma. Ó ń kó pásíwọ́ọ̀dù tí èèyàn ti fi pamọ́ sínú Chrome, ó ń kó kọ́kọ́rọ́ àpò kírípítò, á sì fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Lórí Telegram náà, áàpù kan ń pe ara rẹ̀ ní Hamster Kombat, Ratel lorúkọ ẹ̀ gan-an. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí fóònù, á tọrọ àṣẹ láti máa ka ìfitónilétí, á tún ní kí wọ́n fi òun ṣe áàpù tí yóò máa gba àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹni tó bá gbà fún un, á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sanwó lórúkọ onífóònù, á sì máa bo ìfitónilétí áàpù tó lé ní 200 mọ́lẹ̀, kí onílé má baà mọ̀ pé olè ti wọlé.

Àwọn tí olè ò rí gbé ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín owó eku náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, àwọn tó ni eré náà kéde pé àwọn ti yọ èèyàn 2.3 mílíọ̀nù kúrò nítorí màgòmágó. Ẹni tó sì fi òógùn ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹyọ owó náà kan ò ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kan lọ lọ́jọ́ náà. N ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ àìríná àìrílò ló wà nídìí ẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé eku ti lọ, ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé sórí fóònù ṣì wà níbẹ̀, àṣẹ tí wọ́n fún un ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, lẹ́yìn Boundary, nígbà tí obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan gbé tiẹ̀ wá. Ẹjọ́ tó wá rò ni pé káàdì òun kì í pẹ́ tán. Tí òun bá fi ₦200 sí i láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ò pe ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ẹ̀sùn kan ọmọ rẹ̀ títí, ọmọ ní òun ò fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin náà ò mú irinṣẹ́ kankan. Ó wọ Settings, ó wọ Accessibility, ó wo ibi tí wọ́n to àwọn áàpù tí wọ́n fúnra wọn gbé wọlé sí, ó sì na fóònù sí i.

"Mọ́mì, ta ló tan èyí?"

"Èwo nìyẹn?"

"Áàpù tọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹ ti fún un láṣẹ."

"Àṣẹ kí ni? Tọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́, wọ́n múná lọ."

"Àṣẹ kó máa wo gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá ṣí, kó sì máa bá yín tẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà wo fóònù, ó wo ọmọ náà. "Títí kan ti báńkì?"

"Títí kan ti báńkì, Mọ́mì."

Ó fà á yọ níṣojú wa. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń pè ní Accessibility yẹn, olè kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn afọ́jú àti àwọn tí ọwọ́ wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe é fún. TalkBack, tó máa ń ka ojú fóònù sókè fún ẹni tí kò ríran, ibẹ̀ ló ń gbà ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli ní Sùúrùlérè tó bá ń fi fóònù Android kàwé, ẹ má sọ fún un pé kó pa á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Kí nǹkan kan tó lè ka ojú fóònù fún afọ́jú, àfi kó rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: fèrèsé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, orúkọ fèrèsé náà, bọ́tìnnì inú ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára bọ́tìnnì. Kó tó lè bá ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbé tẹ nǹkan, àfi kí ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ìka ló tẹ̀ ẹ́. Agbára méjèèjì yìí gan-an lolè ń wá. Lórí kọ̀ǹpútà, bákan náà lọmọ ṣorí. Ètò bí AutoHotkey tàbí AutoIt á ní kí Windows bá òun wá fèrèsé tó ń jẹ́ báyìí, á wá bọ́tìnnì "OK" nínú ẹ̀, á sì ránṣẹ́ sí bọ́tìnnì náà pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Máòsì ò mira lórí tábìlì, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ ọn, síbẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn kan ti fọwọ́ sí i.

Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Joker ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ohun tí ẹ̀rọ tó ń báni tẹ bọ́tìnnì lè dà. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Google sọ pé láti 2017 àwọn ti yọ áàpù tó tó 1,700 kúrò ní Play Store nítorí rẹ̀. Inú áàpù tí kò jọ nǹkan burúkú ló máa ń sá sí: èyí tó ń tún fọ́tò ṣe, èyí tó ń fi òdòdó sí àtẹ̀jíṣẹ́ lára. Níkọ̀kọ̀, á ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún orin tàbí àwàdà olówó, á tẹ "Subscribe" fúnra ẹ̀, á ka kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́, á tẹ kóòdù náà síbẹ̀, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lórí káàdì. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ Upstream sọ pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì Triada àti xHelper lórí fóònù Tecno W2 ní Etiópíà, Kamẹrúùnù, Íjíbítì, Gánà àti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ti ka ìgbìyànjú ìforúkọsílẹ̀ olówó tó mú ìfura wá tó 19.2 mílíọ̀nù, láti orí fóònù tó lé ní 200,000. Transsion tó ni Tecno ní ẹnì kan láàárín àwọn tó ń bá àwọn kó nǹkan wá ló ti kó o wọ inú ẹ̀, pé àwọn sì ti gbé àtúnṣe jáde. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, fóònù tuntun nínú páálí là ń sọ, tí ẹni tó rà á ò tíì tẹ nǹkan kan.

NCC, àjọ tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ fóònù nílẹ̀ wa, náà ti kì wá nílọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, FluBot ni wọ́n pariwo, èyí tó ń gba orí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, tó ń ṣe bíi pé ẹrù kan ń bọ̀ fún yín tàbí pé fóònù yín nílò àtúnṣe ààbò. Ní 2022, wọ́n dárúkọ Xenomorph. Inú áàpù tí wọ́n ń pè ní Fast Cleaner ni ìyẹn sá sí, èyí tó ní òun á pa ìdọ̀tí rẹ́ kúrò lórí fóònù kó lè yá. Èèyàn tó ju 50,000 lọ ló gbé e láti Play Store gangan. Báńkì 56 nílẹ̀ Yúróòpù ló dójú sọ, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé olè tó mọ ọ̀nà ilé Sípéènì ò lè kọ́ ọ̀nà Marine Road? Ìwà kan náà ni FluBot àti Xenomorph ní. Wọ́n á tọrọ Accessibility. Tí ẹ bá ti gbà, wọ́n á máa dúró de ìgbà tí áàpù báńkì bá ṣí, wọ́n á gbé fèrèsé ayédèrú lé tòótọ́ lórí kí ẹ tẹ píìnì yín síbẹ̀, tàbí kí wọ́n fúnra wọn tẹ "Continue" nígbà tí ẹ bá gbé fóònù sílẹ̀ lọ wẹ̀.

Nítorí náà, kí tọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà, áàpù tó ń gba Status sílẹ̀, áàpù tó ń pa ìdọ̀tí rẹ́ tàbí ti àwọn ayánilówó má ṣe rí Accessibility gbà lọ́wọ́ yín. Wọn ò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Láti Android 13 tó jáde ní 2022, Google ti fi odi kan síbẹ̀: áàpù tí ẹ gbà láti ibòmíràn yàtọ̀ sí Play Store ò ní lè gba àṣẹ yìí wọ́ọ́rọ́wọ́, fóònù á sọ pé òun ti dí i. Ọgbọ́n táwọn olè wá ń dá ni pé wọ́n á pè yín, wọ́n á fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ́ yín pé kí ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ tẹ "Allow restricted settings". Ẹni tó bá kọ́ yín ní ìyẹn lórí fóònù, ẹ gbé e sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí báńkì tí í kọ́ oníbàárà ní i.

Ní Àpápá, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni ó lè máa wá ọ́tò-kílíkà kiri nítorí kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ wọ inú káfẹ́ DTI kan ní Wharf Road tàbí Creek Road, níbi tí àwọn ajẹ́ńtì ti ń tẹ ìkéde ẹrù wọn ránṣẹ́ sí Kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti ayé ASYCUDA dé NICIS, dé B'Odogwu tí wọ́n gbé wọlé láìpẹ́ yìí, orúkọ sọ́fítíwíà Kọ́sítọ́ọ̀mù ń yí padà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wọ́ bí ìgbín ò yí padà. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ti to ìwé ẹrù síwájú. Ajẹ́ńtì kan ń pè é lórí fóònù pé dìmọ́rééjì, owó ìdádúró ẹrù, ń gun, òmíràn dúró sí i lẹ́yìn, ó ń mí sí i lọ́rùn. Fèrèsé kan yọ: ẹ ti pẹ́ jù, ẹ tún wọlé. Òmíràn yọ: ẹ ò kọ nǹkan síbí. Òmíràn tún yọ: ṣé ó dá yín lójú? Tí ẹnì kan bá wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé sọ́fítíwíà kan wà tó lè máa bá a tẹ gbogbo "OK" yẹn, ṣé yóò kọ̀?

Kó kọ̀ ọ́. Èkíní ni pé fèrèsé tó ń jẹ́ "Warning" tàbí "Message" pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ju bí Táíwò ti pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ lọ. Orúkọ tó wà lókè yẹn ni ọ́tò-kílíkà sábà máa ń wò, kì í ka ohun tó wà nínú ẹ̀. Ká ní ẹrù tí wọ́n kọ 24,000 kílò fún nínú ìwé, wọ́n ṣèèṣì tẹ 2,400. Fèrèsé á yọ pé iye yìí ò bá ti mánífẹ́ẹ̀sì mu, ṣé ká tẹ̀síwájú? "Warning" ló ń jẹ́, bíi ti èyí tó sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń falẹ̀. Ọ́tò-kílíkà ti tẹ̀ ẹ́. Tí Kọ́sítọ́ọ̀mù bá sì ti ṣírò owó orí ìkéde náà tán, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi Backspace pa rẹ́ mọ́. Ẹ ó kọ̀wé sí ọ̀gá, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè, kọ̀ǹténà á dúró sí tẹ́míná, owó ibùsùn ẹrù á máa gun, ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà á máa gun. Ta ni yóò san án? Ẹni tó ni pásíwọ́ọ̀dù.

Èkejì, irú èyí tó ń tẹ ojú kan pàtó láìwo nǹkan kan tún burú jù ú lọ. Lánàá, "OK" wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Lónìí, ẹnì kan ti sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà di ńlá kí ojú má baà máa ro ó, gbogbo nǹkan sì ti sún. Ibi tí "OK" wà tẹ́lẹ̀, "Delete" ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀, yóò máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ fún wákàtí kan, ọmọ náà á lọ jẹun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dé láìsí ẹnikẹ́ni níwájú kọ̀ǹpútà, fèrèsé tó ti tò sílẹ̀ á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á sì rí "Yes" gbà.

Bóyá ẹ ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ káfẹ́ lásán nìyí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Citibank ní Amẹ́ríkà fẹ́ san èlé tó tó nǹkan bíi 7.8 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tó yá ilé iṣẹ́ Revlon lówó. Flexcube ni sọ́fítíwíà tí wọ́n lò, àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà náà ń lò ó. Àpótí kékeré mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n sàmì sí kí owó tó kù má baà jáde, ẹyọ kan péré ni wọ́n sàmì sí. Fèrèsé kan yọ, ó kìlọ̀ pé owó yóò jáde kúrò ní báńkì o, ṣé ká máa lọ? Èèyàn mẹ́ta ló yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n sì ní kó máa lọ. Owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 mílíọ̀nù dọ́là ló jáde. Àwọn tó gba nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò dá a padà, adájọ́ kan ní New York sì dá wọn láre ní oṣù kejì ọdún 2021. Ó di oṣù kẹsàn-án 2022 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó yí ìdájọ́ náà padà. Èèyàn mẹ́ta tó ní ojú, tó kàwé, ló ní kó máa lọ yẹn. Ẹ wá wo ohun tí kò lójú rárá.

Òfin ilẹ̀ wa náà ò ní fi ojú àánú wo ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Abala 17 òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní 2015 sọ pé ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ lórí ọjà rírà àti káràkátà mìíràn de ẹni tó ṣe é. Bí ẹnì kan bá wá ń jiyàn pé kì í ṣe ti ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀, ọrùn ẹni tó ń jiyàn ni ẹ̀rí wà. Ẹ fojú inú wò ó bí ajẹ́ńtì bá dúró níwájú adájọ́ tó ní, "Olúwa mi, èmi kọ́, sọ́fítíwíà tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ló tẹ̀ ẹ́." Wọ́n á bi í pé ta ló gbé sọ́fítíwíà náà síbẹ̀.

Ẹ̀yin onítírélà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 tí NPA, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, ti bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ètò, ẹni tí kò bá gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ gbé tírélà dé ẹnu wáàfù. Àyè tí wọ́n ń dù máa ń bí oníṣòwò òjijì. Bí ẹnikẹ́ni bá tọ̀ yín wá ní Mile 2 tàbí Coconut pé òun ní sọ́fítíwíà tí yóò máa bá yín ṣọ́ ojú ewé náà tọ̀sán-tòru, tí yóò sáré tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àyè bá yọ, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: kí ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Tí ìdáhùn bá ti jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù, ọjà ti tú.

Àwọn tó ṣe Windows gan-an mọ̀ pé àwọn "Yes" kan wà tí ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ báni tẹ̀. Láti ìgbà Windows Vista ní 2007, tí sọ́fítíwíà kan bá fẹ́ fọwọ́ kan ọkàn kọ̀ǹpútà, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, fèrèsé kan ṣoṣo á dá dúró láàárín. Wọn ò fi ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tó bá ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀, sọ́fítíwíà yòókù ò lè dé ibẹ̀ láti tẹ nǹkan kan, àfi ọwọ́ èèyàn. Mo ti rí ọmọ káfẹ́ tó pa ààbò yìí nítorí pé ó ń yọ òun lẹ́nu. Ẹ tan án padà lónìí.

Fèrèsé tó ń yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún yàtọ̀. Òun náà lè jẹ́ ayédèrú: "Fóònù yín ti ní fáírọ́ọ̀sì 13, ẹ tẹ ibí kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́." Àmì X tó wà lókè igun ẹ̀ lè jẹ́ àwòrán lásán, tó jẹ́ pé títẹ̀ ẹ́ náà ni gbígbà. Ẹ má tẹ nǹkan kan nínú ẹ̀, títí kan "Cancel". Ẹ pa Chrome náà dé pátápátá, kí ẹ tún un ṣí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kóòdù kọ, n ò ní kí ẹ má kọ irú ètò yìí. Àwọn tó ń dán sọ́fítíwíà wò ń lò ó lójoojúmọ́, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́ fún ọ̀gá kan ní Àpápá, ẹ kọ́kọ́ wo inú sọ́fítíwíà tó ń yọ fèrèsé náà bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti lè ní kó má yọ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kàn wò ó ni. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ètò yín ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú fèrèsé, kó má wo orúkọ nìkan. Kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tẹ̀ ẹ́, torí fèrèsé mìíràn lè ti gorí ẹ̀. Èyí tí kò bá dá mọ̀, kó dúró, kó fọn fèrè, kó má dá a lábàá. Kó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kó tó tẹ nǹkan kọ̀ọ̀kan, kó kọ aago sí i. Bọ́tìnnì tó bá jẹ mọ́ owó, tó ń pa nǹkan rẹ́, tàbí tó ń fi ìkéde ránṣẹ́ síjọba, ẹ fi í sílẹ̀ fún èèyàn. Bí ọ̀gá bá ní dandan ni kó tẹ ìyẹn náà, ẹ dá owó ẹ̀ padà fún un.

Ní ti ẹni tí káàdì ẹ̀ ń dédé tán, kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí àtẹ̀jíṣẹ́ oníṣòwò dúró, kó sì lo 305 tó jẹ́ kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti fi dá iṣẹ́ tí kò béèrè dúró. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dá a lóhùn, kó pe NCC lórí 622. Ẹni tó bá rí i pé nǹkan ń ṣí, ń tẹ ara ẹ̀ lójú fóònù láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kó má ṣe bá a jà. Kó tan Airplane mode, kó yọ síìmù, kó yá fóònù ẹlòmíì láti fi pe báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè máa wá áàpù tó ṣe é ní Accessibility. Kó má sì fi fóònù yẹn kan náà yí píìnì padà, nítorí ohun tó rí píìnì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, yóò rí tuntun náà.